Ìyá Gbogbo Ìwé Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń kùn. Bí ẹ bá ń bá ọkọ mi gbé, tí ẹ tún ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ̀yin náà á kùn. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn: ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ìpè, ìbéèrè ìdánwò, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó máa ń wúkọ́ kó tó tu ewé jáde, bẹ́ǹṣì fún oníbàárà, àti fáànù tó ń yí orí bíi pé ó ń sọ "rárá, rárá" sí gbogbo ohun tí mo bá sọ.

Ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pátákó. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pátákó àdúgbò wa: ti agérun, ti ilé ìwòsàn, ti ilé-ìwé girama tó wà lópin títì. Ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á sì dúró ṣánṣán bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Èmi ní tèmi, Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń kán ọkùnrin yìí lójú. Ilé lè máa jó, á ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá bàtà òun. Mo ń pè é ní "ó" níbí yìí kí ìtàn má bàa lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, pàápàá tí mo bá ń bínú. Bí ìbínú bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀wọ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Òun náà ní orúkọ tó ń pè mí. Kò wù mí kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n fò ó. Ata-Wẹ́wẹ́ ni. Mo kéré lóòótọ́, mo sì máa ń ta èèyàn lẹ́nu. Àfi tó bá ku àwa méjèèjì nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí fún un pàápàá ò gbọ́ ọ rí.

Ohun tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi ni pé ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní àìsàn náà ò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ní lọ. Ìlà tó máa ń fà láìmí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó kọ pátákó kan fún aránṣọ, ó wò ó títí, ó gbé e padà wálé, ó sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Láti ìgbà náà, àga kan wà lẹ́yìn ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ọ̀dà tó ti gbẹ. Orí àga yẹn ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a, orí rẹ̀ náà ni oòrùn ti ń wọ̀ bá a. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Hùn." Bí mo bá bú u, á ní, "Hùn." Èmi tí mo ti ń bá a jà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, tí mo sì ń gbádùn ìjà náà, mi ò rí ẹni bá jà mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ lórí àga yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni á máa lọ mọ́ mi lójú, títí á fi ku ara lásán.

Mo bá lọ bá a lẹ́yìn ilé. Mo ní, "Ẹ wá bá mi wo kọ̀ǹpútà yìí, sà. Àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ń bí mi nínú." Irọ́ gbáà ni. Lẹ́tà kankan ò bí mi nínú rí láyé mi. Bí oníbàárà bá ti lè kà á, ó ti parí.

Ó tẹ̀ lé mi, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó wá ní, "Ata-Wẹ́wẹ́, ta ló to àwọn lẹ́tà yìí? Wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀." Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó má bàa rí omi lójú mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yan irú lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń mú un tóbi, bí wọ́n ṣe ń mú ìlà jìnnà sí ìlà. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n lórí máòsì, kò léwu. Lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà kì í bá ọwọ́ gbọ̀n. Nígbà tí ìyẹn yé e, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé, èmi náà sì bá a rín in.

Àṣé wàhálà ni mo fọwọ́ ara mi fà wọlé. Nínú kọ̀ǹpútà, ìwé kan wà tí oníbàárà kì í rí. Tẹ́ńpléètì làwa tí a ń tẹ̀wé ń pè é, ṣùgbọ́n kó lè tètè yé ọkọ mi, mo ní ìyá gbogbo ìwé ni. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá ṣí ewé tuntun, inú ìyá yẹn ló ti jáde. Irú lẹ́tà tí ìyá bá ní, bó ṣe tóbi tó, àyè tó fi sílẹ̀ létí ewé, gbogbo rẹ̀ lọmọ máa gbé wáyé. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ìwé ò rójú, kò ráyè. Bí mo bá ṣí ewé lónìí, lẹ́tà á ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Tó bá di ọ̀la, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Bí mo bá jáde lọ ra omi, kí n tó dé, etí ewé ti fẹ̀ sí i.

"Jẹ́jẹ́, kí lẹ tún fọwọ́ kàn?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn ní kí wọ́n rí àyè mí ni."

"Àwọn wo?"

"Àwọn lẹ́tà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, olówó orí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má mí mọ́. Oníbàárà ń dúró."

Oníbàárà tó ń dúró náà, ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, na ìwé tí mo tẹ̀ fún un sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó. "Ìyá, ẹ fi ọkọ yín lọ́rùn sílẹ̀," ó ní. "Ìwé yìí rẹwà débi pé kò fẹ́ wù mí kí n fẹ̀yìn tì mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìwé wa ti yàtọ̀. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò kejì wá, wọ́n á ní lẹ́tà yín yìí náà ni kí ẹ bá wa fi kọ ọ́. Mi ò sọ fún un. Èèyàn kì í da gbogbo òótọ́ sẹ́nu ọkọ lẹ́ẹ̀kan náà, á há a lọ́fun.

Ilé-ìwé girama tó wà lópin títì ni oníbàárà wa tó tóbi jù. Bí wọn ò bá gbé iṣẹ́ wá, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lè máà ṣí. Ọ̀gá tuntun dé síbẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ní gbogbo nǹkan ilé-ìwé náà gbọ́dọ̀ di tuntun: ògiri, pátákó ẹnu ọ̀nà, àti ìwé òfin tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n tẹ ìwé òfin náà, kí n fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wọn, àwọn fúnra wọn á fi àwọ̀ dúdú sẹ́yìn òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kà á, mo tún un kà. Mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga.

Fóònù mi dún láàárọ̀: ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ọkọ mi ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà," mo ní.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ata-Wẹ́wẹ́?"

"Ẹ ní ta ni, mà?"

"Ata-Wẹ́wẹ́. Ó wà lókè gbogbo ojú ewé ìwé òfin wa. Bí a ṣe fi dúdú sẹ́yìn rẹ̀ báyìí ló yọ jáde ní funfun. Níbi tí a ti sọ̀rọ̀ aṣọ ilé-ìwé: Ata-Wẹ́wẹ́ mi. Níbi tí a ti sọ ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá pẹ́ dé: Ata-Wẹ́wẹ́ mi. Àwọn olùkọ́ ti rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì mi. Ṣé àwa lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ó ní kí n wá ṣàlàyé ara mi lọ́jọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á kó gbogbo iṣẹ́ àwọn lọ síbòmíràn.

Mo ṣí ìyá gbogbo ìwé. Òkè rẹ̀ ṣófo, ó funfun báláú. Mo fi máòsì wọ́ ibẹ̀ kọjá, mo yí àwọ̀ rẹ̀ sí dúdú, ó sì là gààrà síbẹ̀: Ata-Wẹ́wẹ́ mi. Lẹ́tà funfun lórí ewé funfun! Ìyá ìwé ti ń bí i mọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, ta ló mọ ìgbà tó ti ń bí i. Ó wà lórí ìwé ìwáṣẹ́ àwọn èèyàn. Ó wà lórí ìwé bàbá tó fẹ̀yìn tì. Yéè, mo gbé!

"Jẹ́jẹ́."

Ó wò ó. Ó dẹ́kun kọ̀ǹpútà nínù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí, sà?"

"Kò yẹ kó hàn. Funfun ni mo fi kọ ọ́."

"Mi ò bi yín ní àwọ̀ rẹ̀! Kí ló dé tí ẹ kọ ọ́?"

Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kan wọlé, ó sì pa ẹnu náà dé. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lójú ẹlòmíràn. "Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn," ló sọ mọ.

Mo pariwo, mi ò ní purọ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa pè mí ní ata ni. Mo ní ilé-ìwé yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù yìí ró, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì í ṣubú. Ó ní, "Sùúrù ni baba ìwà." Mo ní kí baba ìwà máa lọ sílé, kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì, ó wá bàtà rẹ̀ wọ̀, ó lọ. Nígbà tí mo délé, orí àga ẹ̀yìn ilé ni mo bá a. Mo kí i. Ó ní, "Hùn."

Lọ́jọ́ kejì, mo forí lé ilé-ìwé. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu láti ilé, mo ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, wọ́n ti sọ pátákó àtijọ́ kalẹ̀, èyí tí ọkọ mi kọ nígbà tí ara rẹ̀ le. Káfíńtà kan tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè fi pákó náà kọ tuntun. Mo fẹ́ sáré kọjá. Ojú mi ló kó sí i.

Níbi tí ọ̀dà ti ṣí, tí igi ti yọ, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan síbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké tó tọ́ ṣánṣán. Ata-Wẹ́wẹ́ mi.

Káfíńtà rí i pé mo dúró. "Ẹ̀yin náà rí i, àbí?" ó ní. "Kò sí pátákó àtijọ́ tí mo fá ládùúgbò yìí tí mi ò bá a lábẹ́ rẹ̀. Ti ilé ìwòsàn, ó wà níbẹ̀. Ti agérun, ó wà níbẹ̀. Mo rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta pákó fún wọn ni."

Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá lábẹ́ àwọn pátákó yẹn. Mo ń gba abẹ́ wọn lọ sọ́jà, mo ń gba abẹ́ wọn bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ìgbà kan wà tí a jà tí a ò bá ara wa sọ̀rọ̀, tí á fi ìbínú jáde nílé, tí èmi náà á máa ṣépè fún búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àṣé bó bá dé ibi iṣẹ́, orúkọ mi ni á kọ́kọ́ kọ kó tó kun ọ̀dà lé e. Ọwọ́ ìgbà yẹn ò sì gbọ̀n rárá. Mo fi ìka tọ ipa pẹ́ńsù náà, omi sì ń dà lójú mi níwájú ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn tí ó fi ń dùn mí láyà.

"Ṣé kí n fá a mọ́lẹ̀, mà?" káfíńtà bi mí.

"Ẹ má fá a. Ẹ kun ọ̀dà yín lé e."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti tò sẹ́nu ti fọ́n ká. Mo kàn dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo ní, "Mà, èmi ni Ata-Wẹ́wẹ́." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí pátákó tó wà níta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì wo géètì láti ojú fèrèsé.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tiwa," ó ní. "Àwọn ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó to àwọn lẹ́tà yẹn, òun ni mo fẹ́ kó to gbogbo ìwé wa yòókù. Bí kò bá ti jẹ́ òun, ẹ má ṣèyọnu."

Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí mo bá ara mi. Bí mo bá délé tí mo bẹ̀ ẹ́, á ní òun ò bínú. Kì í bínú, ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Á ní kò sí nǹkan, á sì máa jókòó lọ. Mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ìyá gbogbo ìwé, mo wá lẹ́tà tó burú jù lọ nínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tó ń jó tó sì ń wé mọ́ra, mo fi í síbẹ̀. Mo kun àkọlé ní àwọ̀ elése àlùkò. Mo mú ìlà gun ìlà lẹ́yìn. Mo fún etí ewé pa. Mo tẹ ojú ewé kan jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́ bíi pé ojú ń ti òun náà. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo fi lé ọkọ mi lórí itan.

"Ẹ bá mi wò ó, sà. Mo fẹ́ gbé e fún ilé-ìwé."

"Hùn." Ó wò ó, ó gbójú kúrò. Ó tún wò ó. "Irú lẹ́tà wo nìyí?"

"Ó wù mí ni."

"Ó wù ẹ́?"

"Ó ń dán. Òun ni mo fi sínú ìyá gbogbo ìwé. Ohunkóhun tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù láti òní lọ, bó ṣe máa rí nìyẹn."

"Àwọn èèyàn á rò pé èmi ni mo tò ó."

"Wọ́n á rò bẹ́ẹ̀ dáadáa."

"Ata-Wẹ́wẹ́, o fẹ́ pa mí ni?" Ó ti dìde. "Bàtà mi dà?" Kí n tó wá a fún un, ó ti bọ́ sí ojú títì láìwọ bàtà. Èmi tí mo bá a gbé láti ìgbà èwe, mi ò rí i kó kánjú rí. Èmi ni mo gbé bàtà náà dání, tí mo ń sáré tẹ̀ lé e, tí mo ń pariwo pé kó ṣe jẹ́jẹ́.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí máòsì, ṣùgbọ́n lẹ́tà ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó dá ẹsẹ̀ wọn padà fún wọn. Ó fún wọn láyè, wọ́n mí. Nígbà tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó fi òkè ewé sílẹ̀ lófìfo nítorí ariwo tí mo pa mọ́ ọn.

"Ẹ gbàgbé nǹkan," mo ní.

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

"Òkè ńkọ́? Pátákó wo lẹ kọ rí tí ẹ ò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí?"

Ó yíjú sí mi pátápátá. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Káfíńtà ni. Ó rò pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta pákó ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bí mi ò bá kọ ọ́, ọkàn mi kì í balẹ̀, iṣẹ́ kì í dùn lọ́wọ́ mi," ó ní. "Èyí tí mo kọ sórí pákó aránṣọ yẹn, ó wọ́. Orúkọ rẹ wọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni mo ṣe gbé pátákó yẹn wálé. Mo rò pé mi ò ní kọ ọ́ kó tọ́ mọ́ láyé yìí. Ìgbà tí mo wá dé ìdí nǹkan yìí, tí mo tẹ̀ ẹ́, tó dúró ṣánṣán..."

Ata-Wẹ́wẹ́ kúnlẹ̀, ó wọ bàtà fún ọkọ rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ náà sórí.

A ṣe ìyá ìwé ọ̀tọ̀ fún ilé-ìwé, òkè rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ti ṣọ́ọ̀bù tiwa, mo ní kó kọ nǹkan rẹ̀ sí i. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ mi, ó kùn ún ní funfun. Mo gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ "Jẹ́jẹ́ mi" sísàlẹ̀ tirẹ̀, mo kun tèmi náà ní funfun. Nítorí náà, tí ẹ bá tẹ ìwé lọ́dọ̀ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi dúdú sẹ́yìn rẹ̀.

Mo rò pé á sọ̀rọ̀ dídùn kan fún mi. Ó tẹjú mọ́ ojú ewé tó funfun náà, níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè rí nǹkan kan.

"Àyè àárín àwọn méjèèjì ti pọ̀ jù," ó ní, ó sì fà wọ́n súnmọ́ra.